Níbo Lẹ Wà Báyìí? Ọ̀rọ̀ Ibi Tí Ọmọ Yorùbá Ń Tọ́mọ Sí Lókè Òkun

Bí ó bá di ọjọ́ ìkómọ ní Lọ́ńdọ̀nù, lẹ́yìn tí àlejò bá ti kí ìyá ọmọ kú ewu, tó ti bá bàbá yọ̀, tí wọ́n sì ti gbé àwo ìrẹsì síwájú rẹ̀, ìbéèrè kan wà tí kò ní í ṣàì yọjú: "Níbo lẹ wà báyìí?" Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìkíni lásán. Ẹni tó bá ní Peckham lòun wà, wọ́n á ti mọ̀ pé kò jìnnà sí ọjà, pé èlùbọ́ kì í tán nílé rẹ̀. Ẹni tó bá ní Thamesmead, wọ́n á bi í bóyá ó ti ra ilé. Ẹni tó bá ní Chatham tàbí Gravesend, ìbéèrè tó máa tẹ̀ lé e ni, "Àwọn ọmọ ti tó ọdún mélòó?" Gbogbo wọn ló mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọmọ ló sábà máa ń gbé Yorùbá dé Kent.

Kí èèyàn tó kúrò nílé, ó lè fi ọdún méjì palẹ̀ mọ́. Á ṣe ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì, á kó owó sí báńkì kó lè pẹ́ níbẹ̀ tó bí òfin físà ṣe fẹ́, á ta ọkọ̀, á ta jẹnẹrétọ̀, á dágbére fún ìjọ. Àdúgbò tí yóò máa gbé ńkọ́? Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú kó wọ bàálù ni ọ̀rọ̀ ìyẹn máa ń parí, lórí fóònù: "Ẹ máa bọ̀ lọ́dọ̀ wa ná." Bí àbúrò ìyàwó bá wà ní Manchester, Manchester náà ni. Bí ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ kàwé ní Ifẹ̀ bá ní yàrá kan tó ṣófo ní Leeds, Leeds di ìlú ẹni. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Ẹni tó gúnlẹ̀ nínú òtútù Oṣù Kínní kò lè máa yan àdúgbò bí ẹni ń yan aṣọ ẹbí. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ibi tí ẹsẹ̀ kọ́kọ́ balẹ̀ sí máa ń di ibi tí ọmọ dàgbà sí, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni jókòó pinnu bẹ́ẹ̀. Yorùbá ní ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Lókè òkun, ọ̀pọ̀ ló ti sọmọ lórúkọ tán kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í wo ilé.

Fún àwọn tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, Peckham ni ìtàn náà ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Àdúgbò yìí, tó wà ní gúúsù odò Thames nínú kánsù Southwark, làwọn kan ti sọ di Èkó kékeré. Ní òpópónà Rye Lane, èèyàn lè ra iṣu, ewédú, pọ̀nmọ́ àti ìgbín láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kó sì bá ẹni tó ń tà á nájà lédè tí wọ́n fi bí i. Ní 2013, ìwádìí kan tí Yunifásítì Roehampton ṣe ka ṣọ́ọ̀ṣì àwọn aláwọ̀ dúdú bíi 240 nínú kánsù Southwark nìkan. Òmíràn wà nínú ilé tí wọ́n ń kó ẹrù sí tẹ́lẹ̀, òmíràn wà lókè ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí ìjọba ka àwọn tó ń gbé ní England àti Wales ní 2021, àwọn tí wọ́n bí ní Nàìjíríà tó bíi 270,000, ẹ̀gbẹ́ odò Thames yìí sì jẹ́ ọ̀kan lára ibi tí wọ́n pọ̀ sí jù lọ.

Ohun tí irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ ń fún òbí, owó kò lè rà á. Ojú mẹ́rin ló ń bímọ, igba ojú ló ń wò ó, àwọn igba ojú náà sì wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ìyá tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní ilé ìwòsàn lè rí ẹni tí yóò mú ọmọ rẹ̀ lọ sílé ìwé láàárọ̀. Ìyá àgbà tó ń ta ata níwájú ọ̀nà lè pe ọmọ tó ń ṣe játijàti lójú títì lórúkọ bàbá rẹ̀, kí ojú sì tì í. Peckham ni wọ́n bí òṣèré sinimá náà, John Boyega, sí ní 1992. Oníwàásù ni bàbá rẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni ọmọ ti kọ́kọ́ kọ́ eré ṣíṣe, ní Theatre Peckham tó jẹ́ ti àwọn ọmọdé àdúgbò.

Ṣùgbọ́n Peckham kan náà ni wọ́n ti pa Damilola Taylor, ọmọ ọdún 10, ní ọjọ́ 27 Oṣù Kọkànlá 2000. Oṣù Kẹjọ ọdún yẹn ni ìyá rẹ̀ kó òun àti àwọn yòókù wá láti Nàìjíríà, nítorí ìtọ́jú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tí ara rẹ̀ kò yá. Ìròyìn náà tàn dé gbogbo ilé Yorùbá tó wà ní ìlú ọba, ó sì dé Ìbàdàn àti Èkó pẹ̀lú. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ òbí ti mọ̀ pé ọjà tó súnmọ́lé àti ṣọ́ọ̀ṣì tó súnmọ́lé kò tó láti fi yan àdúgbò.

Kì í ṣe ìbẹ̀rù nìkan ló lé wọn kúrò o. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin Overground dé Peckham ní ìparí 2012, àwọn ọ̀dọ́ olówó Òyìnbó náà rí i pé àdúgbò náà dára, owó ilé sì bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ìdílé tó ní ọmọ mẹ́ta nínú fúláàtì oníyàrá méjì kò nílò ẹni tí yóò sọ fún un pé àkókò tó láti kó jáde.

Àwọn Yorùbá tó kọ́kọ́ lọ sí ìlú ọba kò tilẹ̀ ní àǹfààní láti yan ibi tí ọmọ yóò dàgbà sí. Láàárín 1955 sí bíi 1975, akẹ́kọ̀ọ́ ni ọ̀pọ̀ wọn: ẹlòmíràn ń kọ́ nípa òfin, ẹlòmíràn ìṣirò owó, ẹlòmíràn iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Àwọn onílé kò fẹ́ aláwọ̀ dúdú, wọn ò sì wá fẹ́ aláwọ̀ dúdú tó gbé ọmọ dání rárá. Ọkọ ń kàwé lọ́sàn-án, ó ń ṣiṣẹ́ lálẹ́. Ìyàwó náà ń kàwé. Wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í polówó nínú ìwé ìròyìn Nursery World pé àwọn ń wá ẹni tí yóò bá àwọn gba ọmọ tọ́, owó ọ̀sẹ̀ yóò sì máa wọlé fún un. Báyìí ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Nàìjíríà ṣe dàgbà lọ́wọ́ àwọn Òyìnbó ní Kent, Sussex àti Essex, tí òbí wọn ń wá kí wọn lọ́jọ́ Sunday bó bá ṣeé ṣe.

Àwọn kan bọ́ sọ́wọ́ alágbàtọ́ tó kẹ́ wọn bí ẹyin. Àwọn mìíràn kò rí bẹ́ẹ̀. Òṣèré Adewale Akinnuoye-Agbaje, tí wọ́n bí ní 1967, ọmọ ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni nígbà tí wọ́n gbé e fún ìdílé Òyìnbó kan ní Tilbury, ìlú èbúté kan ní Essex. Ó dàgbà níbẹ̀ débi pé ó kórìíra àwọ̀ ara rẹ̀, ó sì ń bá àwọn ọmọ ìta tó ń lu aláwọ̀ dúdú kiri. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ìtàn náà tó sì darí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi fíìmù ní 2018. *Farming* ló pè é. Àwọn òbí ìgbà náà rò pé ọmọ tó bá ń jẹun, tó sì ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì bí onígẹ̀ẹ́sì, ti rí ìtọ́jú. Ẹni tó bá ń bínú sí wọn lónìí gbọ́dọ̀ rántí pé ìrètí wọn ni láti padà sílé láàárín ọdún mẹ́rin.

Àwọn tó wà níbẹ̀ báyìí ti mọ̀ pé àwọn kò padà lọ́la. Nítorí náà ni ọ̀rọ̀ ilé ìwé ṣe di ọ̀rọ̀ ńlá.

Ní England, ilé tí èèyàn ń gbé ló sábà máa ń pinnu ilé ìwé tí ọmọ rẹ̀ yóò lọ. Bí ọmọ tó fẹ́ wọlé bá pọ̀ ju àyè lọ, ọ̀pọ̀ ilé ìwé ìjọba máa ń wọn bí ilé ọmọ kọ̀ọ̀kan ṣe jìnnà sí géètì, lórí ìlà tó tọ́ gbọnrangandan, kì í ṣe ọ̀nà tí ẹsẹ̀ ń gbà. Òpópónà kan ṣoṣo lè yàtọ̀ sí ìkejì rẹ̀. Ìwé ìwọlé sí ilé ìwé sẹ́kọ́ńdìrì gbọ́dọ̀ ti wọlé ní 31 Oṣù Kẹwàá, èsì á sì jáde ní 1 Oṣù Kẹta. Ti àwọn ọmọ ọdún mẹ́rin tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀, 15 Oṣù Kínní ni, èsì á jáde ní 16 Oṣù Kẹrin. Àlejò tó bá dé ní Oṣù Karùn-ún yóò gba ohun tó kù. Ohun tó kù náà lè máà burú, ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ bọ́ọ̀sì méjì láàárọ̀, méjì ní ìrọ̀lẹ́.

Níbi tí Kent ti wọlé nìyí. Ọ̀pọ̀ agbègbè England ti pa ilé ìwé grammar rẹ́ láti àwọn ọdún 1960 àti 1970, ìyẹn àwọn ilé ìwé ìjọba tó jẹ́ pé ìdánwò ni ọmọ fi ń wọ̀ ọ́, tí òbí kì í san kọ́bọ̀. Kent kò pa tirẹ̀ rẹ́. Ó ṣì ní 32. Medway, tí Chatham, Gillingham àti Rochester wà nínú rẹ̀, ní tirẹ̀ lọ́tọ̀, Bexley tó wà létí Lọ́ńdọ̀nù náà sì ní mẹ́rin. Oṣù Kẹsàn-án, nígbà tí ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ kíláàsì kẹfà, ni wọ́n ń ṣe ìdánwò Kent, kí ọ̀pọ̀ wọn tó pé ọmọ ọdún 11. Òbí tó jáde nílé ìwé tó dára ní Ìjẹ̀bú-Òde tàbí Ìbàdàn kò nílò àlàyé púpọ̀ nípa èyí. Ó mọ ìdánwò àṣewọlé, ó mọ lẹ́sìnnì, ó mọ bí wọ́n ṣe ń mú ọmọ jókòó tì tábìlì. Ó bá kó ẹrù.

Ẹni tó ń kọ èyí kò rò pé gbogbo ìkóẹrù náà ló mọ́gbọ́n dání. Ìdánwò kan ni, lọ́jọ́ kan, fún ọmọ ọdún 10. Ìdílé tó bá torí rẹ̀ ra ilé sí ìlú tí wọn kò mọ ẹnikẹ́ni, tí ọmọ ò sì wá yege, yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wo ilé ìwé yòókù tó wà nítòsí, èyí tí wọn kò tilẹ̀ bẹ̀ wò kí wọ́n tó fọwọ́ síwèé ilé. Bí ọmọ méjì bá wà, tí ọ̀kan wọlé tí èkejì ò wọlé, ilé á gbóná. Ó yẹ kí òbí wo ilé ìwé kejì dáadáa ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí òun ló ṣeé ṣe kí ọmọ lọ.

Thamesmead wà láàárín ọ̀nà, bí èèyàn bá ń ti Peckham lọ sí Kent. Ilẹ̀ àbàtà ni tẹ́lẹ̀ ní ẹ̀bá odò, kí ìjọba Lọ́ńdọ̀nù tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé sí i ní àwọn ọdún 1960. Apá kan rẹ̀ wà lábẹ́ kánsù Greenwich, apá kejì lábẹ́ Bexley. Ní 1991, ibẹ̀ ni àwọn ọmọ Òyìnbó ti pa Rolan Adams, ọmọ ọdún 15, nítorí àwọ̀ rẹ̀. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni wọ́n pa Stephen Lawrence, ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú mìíràn, bákan náà ní Eltham tí kò jìnnà síbẹ̀. Ẹni tó bá sọ fún aláwọ̀ dúdú nígbà náà pé kó lọ tọ́mọ sí Thamesmead, wọ́n á ní kí ló fi ṣe é. Lónìí, ó jẹ́ ọ̀kan lára ibi tí ọmọ Nàìjíríà pọ̀ sí jù lọ ní gbogbo Lọ́ńdọ̀nù. Ilé olójúlé, ọgbà kékeré lẹ́yìn, àyè ìgbọ́kọ̀sí, owó tó rọrùn ju ti Peckham lọ. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin Elizabeth dé Abbey Wood lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní Oṣù Karùn-ún 2022, àárín ìlú wá di ìrìn bí ìdajì wákàtí. Orúkọ àdúgbò máa ń pẹ́ kó tó bá ìwà àdúgbò dọ́gba. Ẹni tó bá fi ìròyìn ọdún 1991 yan ibi tí yóò gbé lónìí yóò ṣìnà, ẹni tó bá sì fi ìròyìn àpéjẹ yan náà lè ṣìnà.

Ìṣirò owó tó ń da ìdílé tuntun láàmú jù ni ti ọmọ kékeré. Láti Oṣù Kẹsàn-án 2025, ní England, òbí tó ń ṣiṣẹ́ lè gba 30 wákàtí lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́sẹ̀ ní jẹ́lé-ó-sinmi, láti ìgbà tí ọmọ bá pé oṣù mẹ́sàn-án, ní ọ̀sẹ̀ 38 láàárín ọdún. Ó dùn létí. Ṣùgbọ́n bí físà àwọn òbí méjèèjì bá ní àkọlé pé wọn kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan owó ìrànwọ́ ìjọba, àǹfààní yìí kò kàn wọ́n. Ọmọ ọdún mẹ́ta àti mẹ́rin nìkan ni yóò rí wákàtí 15 tí ó wà fún gbogbo ọmọ. Nítorí náà, ilé tí owó rẹ̀ fi 300 pọ́n-ùn dínkù lóṣù ní ìlú tí èèyàn ò mọ ẹnì kankan lè wọ́n ju èyí tó wà nítòsí àǹtí tí yóò bá ni wo ọmọ lọ. Bí àwọn tọkọtaya wa ṣe ń ṣe é ni kí ọkọ ṣiṣẹ́ ọ̀sán, kí ìyàwó ṣiṣẹ́ alẹ́, kí wọ́n máa pàdé lẹ́nu ọ̀nà bí ẹ̀ṣọ́ tó ń gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn. Ó ṣeé ṣe fún ọdún kan. Ní ọdún kẹta, ìgbéyàwó á bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó rẹ̀.

Àwọn kan wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ ló yan ìlú fún wọn. Ẹni tí ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó fún níwèé físà gbọ́dọ̀ wà níbi tí iṣẹ́ wà, bó jẹ́ etí òkun ní Devon, bó jẹ́ abúlé kan ní Wales. Ọmọ rẹ̀ lè jẹ́ aláwọ̀ dúdú kan ṣoṣo ní kíláàsì. Irú ìlú bẹ́ẹ̀ ní àlàáfíà, olùkọ́ á mọ orúkọ ọmọ, ọmọ á sì máa sáré kiri pápá láìsí ìfòyà. Àmọ́ kò sí ẹni tí yóò bá ọmọbìnrin dirun. Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ kékeré nìyẹn, kó bi ìyá tó ń wakọ̀ wákàtí méjì ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta torí irun. Láti Oṣù Kínní 2024, òfin kò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máàsítà mú ọkọ, aya tàbí ọmọ dání mọ́. Ní Oṣù Kẹta ọdún náà, ó kan àwọn òṣìṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀. Ẹnì kan á wá wà ní Bristol, ẹnì kejì á wà pẹ̀lú àwọn ọmọ ní Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n á sì máa fi WhatsApp jiyàn lórí àdúgbò tí ọ̀kan nínú wọn kò rí rí.

Ìbéèrè kan wà tí kò sẹ́ni tó ń bi aṣojú onílé, bẹ́ẹ̀ ó yẹ kí wọ́n mọ ìdáhùn rẹ̀: kí ni òfin ibẹ̀ wí nípa bíbá ọmọ wí? Ní Ireland, láti ìparí 2015 ni òbí tó na ọmọ kò ti ní àwíjàre mọ́ níwájú òfin. Scotland fòfin de nínà ní Oṣù Kọkànlá 2020, Wales ní Oṣù Kẹta 2022. England ṣì fi àyè kékeré sílẹ̀ fún ìbáwí tó mọ níwọ̀n, àyè tó kéré débi pé àpá kan lára ọmọ ti tó láti gbé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí àwọn èèyàn wa ń pè ní "social" wá sẹ́nu ọ̀nà. Kò sí àpéjẹ tí wọn kì í ti fi ọmọ tó mọ nọ́ńbà 999 ṣe yẹ̀yẹ́. Lẹ́yìn ẹ̀rín náà, òbí tó dàgbà lábẹ́ pàṣán ní láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ẹnu tọ́mọ ní ìlú tí ẹ̀gbọ́n, ìyá àgbà àti aládùúgbò tó ń báni dá sí i kò sí. Ìdí mìíràn nìyí tí ibi tí èèyàn wa bá wà fi ṣe pàtàkì: ọmọ tí bàbá rẹ̀ bá kò lójú lè sá lọ sọ́dọ̀ bàbá ẹlòmíràn.

Ní Ireland, páálí, ìyẹn ìwé ọmọ ìlú, àti ilé ìwé jọ so pọ̀. Títí di ìparí 2004, ọmọ tí wọ́n bá bí sórí ilẹ̀ ibẹ̀ ti di ọmọ onílẹ̀. Ní ọjọ́ 11 Oṣù Kẹfà ọdún náà ni wọ́n dìbò láti yí i padà. Láti ọjọ́ kìíní ọdún 2005, bí òbí kì í bá ṣe ọmọ ìlú, wọ́n á wò ó bóyá ó ti gbé níbẹ̀ lọ́nà tó bófin mu fún ọdún mẹ́ta nínú mẹ́rin tó ṣáájú ìbí. Sárésáré náà, Rhasidat Adeleke, tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti Nàìjíríà, Dublin ni wọ́n bí i sí ní 2002, Tallaght ló dàgbà sí, òun ló sì ṣe ipò kẹrin nínú eré 400 mítà ní Òlíńpíìkì Paris ní 2024 lórúkọ Ireland. Rotimi Adebari, ọmọ Òkè-Ọdàn ní ìpínlẹ̀ Ògùn, dé ibẹ̀ ní 2000, ó tẹ̀ dó sí Portlaoise, ìlú kékeré tó jìnnà sí Dublin díẹ̀. Ọdún méje lẹ́yìn náà ni wọ́n fi ṣe olórí ìlú náà, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó dé irú ipò bẹ́ẹ̀ ní Ireland. Kò dájú pé Dublin ìbá tètè mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀.

Ìtàn Balbriggan, ní àríwá Dublin, ló ń kọ́ni lọ́gbọ́n jù. Ilé tuntun pọ̀ níbẹ̀, owó rẹ̀ mọ́ra, àwọn ìdílé Áfíríkà sì wọ́ lọ síbẹ̀. Nígbà tó di Oṣù Kẹsàn-án 2007, ọ̀pọ̀ ọmọ wọn kò rí ilé ìwé wọ̀. Ilé ìwé Kátólíìkì ló pọ̀ jù ní orílẹ̀-èdè náà, ọmọ tó ní ìwé ìrìbọmi Kátólíìkì ni wọ́n sì máa ń kọ́kọ́ gbà. Ọmọ onípẹ́ńtíkọ́sì kò ní in, ọmọ mùsùlùmí kò ní in. Wọ́n sáré dá ilé ìwé kan sílẹ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ọmọ aláwọ̀ dúdú nìkan ló kún ibẹ̀. Òfin 2018 ló wá mú ọ̀rọ̀ ìrìbọmi kúrò nínú ìgbàwọlé àwọn ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Kátólíìkì. Àwọn tó ra ilé sí Balbriggan ti béèrè iye ilé, wọ́n ti béèrè ọkọ̀ ojú irin. Ta ni yóò ronú àtibéèrè ìwé ìrìbọmi?

Àpẹẹrẹ tó le jù nípa páálí wà ní Gríìsì. Ní 1991 ni tọkọtaya kan, ọkọ Yorùbá, aya Ìgbò, kúrò ní Èkó. Wọ́n fi àkọ́bí wọn sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn òbí àgbà. Àdúgbò Sepolia ní Áténì ni wọ́n gbé, ibẹ̀ ni wọ́n sì bí Giannis sí ní 1994. Gríìsì kì í fún ọmọ ní ìwé ìlú torí pé wọ́n bí i síbẹ̀. Títí di Oṣù Karùn-ún 2013, ọmọ náà kò ní ìwé orílẹ̀-èdè kankan, ó ń bá ìyá rẹ̀ ta jígí ojú àti aago lójú títì. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ti Milwaukee mú un. Àwọn akọ̀wé Gríìsì ló yí orúkọ rẹ̀ padà di Antetokounmpo. Adétòkunbọ̀ ni, orúkọ ọmọ tó ti òkèèrè bọ̀ wálé. Bí kò bá ga bẹ́ẹ̀, tí bọ́ọ̀lù kò sì mọ ọwọ́ rẹ̀, kò sí ẹni tí yóò sáré fún un níwèé. Ní ìlú ọba, ọmọ tí òbí rẹ̀ kò tíì ní ìwé ìgbélùú nígbà tí wọ́n bí i lè forúkọ sílẹ̀ láti di ọmọ ìlú lẹ́yìn ọdún 10 tó bá ti gbé ibẹ̀ láti ìbí, owó rẹ̀ sì lé ní 1,000 pọ́n-ùn ní 2025. Ọ̀pọ̀ òbí kò mọ̀, tàbí wọ́n mọ̀ tí owó ò sí.

Amẹ́ríkà yàtọ̀ sí wọ̀nyí. Ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ ti ní ìwé, ọ̀rọ̀ sì kù sí ilé, ọkọ̀ àti ilé ìwé. Houston ni ọ̀pọ̀ Nàìjíríà fi ṣe ibùdó láti ìgbà tí epo rọ̀bì ti ń kó akẹ́kọ̀ọ́ lọ síbẹ̀ ní àwọn ọdún 1970. Hakeem Olajuwon, agbábọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ náà, gúnlẹ̀ síbẹ̀ ní 1980. Texas kì í gba owó orí lára owó oṣù, inú àlejò á dùn. Ṣùgbọ́n orí ilé ni wọ́n ti ń gbà á padà, ó lè súnmọ́ ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún iye ilé lọ́dọọdún, owó yẹn sì wà lára ohun tó ń gbé ilé ìwé àdúgbò ró. Ìdí nìyẹn tí ìdílé tó bẹ̀rẹ̀ ní fúláàtì ní Alief fi máa ń dé Katy tàbí Fort Bend lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá. Ilé ńlá, géréèjì ọkọ̀ méjì, kò sì sí ọmọ kankan lójú títì. Ìyá kò lè rán ọmọ ní iyọ̀. Gbogbo ìbẹ̀wò gbọ́dọ̀ gba inú ọkọ̀.

Àwọn òbí kan sì máa ń wo gbogbo rẹ̀ títí, kí wọ́n tó gbé ọmọ padà sílé. Anthony Joshua, abẹ̀ṣẹ́kù-bí-òjò tí wọ́n bí ní Watford, lọ sí ilé ìwé Mayflower tí Tai Solarin dá sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ nígbà tó wà ní bí ọmọ ọdún 11. Kò pẹ́ níbẹ̀ tó fi padà. Kemi Badenoch, olóṣèlú tí wọ́n bí ní Wimbledon ní 1980, Èkó ló dàgbà sí, ọmọ ọdún 16 ló sì jẹ́ nígbà tó padà sí Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọ tó gbé ilé yóò gbọ́ èdè, yóò mọ ẹbí. Ṣùgbọ́n ó ṣòro fún ọmọ tí wọ́n tàn pé ìsinmi ló ń lọ láti gbàgbé rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ èdè ni àdúgbò kò lè yanjú tán. Ní Peckham pàápàá, ọmọ tó ń gbọ́ Yorùbá látàárọ̀ dalẹ́ máa ń fi Gẹ̀ẹ́sì dáhùn. Èyí tó wà ní Devon kò ní gbọ́ rárá àfi tí òbí bá sọ ọ́ nílé lójoojúmọ́, ó sì rẹ òbí nígbà tó bá ti ibi iṣẹ́ dé.

Ìdí nìyí tí ọ̀nà A2, láti Medway wọ Lọ́ńdọ̀nù, fi máa ń kún lọ́jọ́ Sátidé fún àwọn ìdílé tó ti kó lọ. Wọ́n á fi ọkọ̀ sílẹ̀ jìnnà sí Rye Lane nítorí owó ìgbọ́kọ̀sí, wọ́n á fẹsẹ̀ rìn wọ ọjà. Ọmọbìnrin á jókòó sọ́dọ̀ onídìrí fún wákàtí mẹ́ta. Ìyá á lọ tẹ iṣu wò, á ní ó ti wọ́n jù, á ṣe bí ẹni ń lọ, wọ́n á pè é padà. Ọlọ́jà á wá yíjú sí ọmọkùnrin tó dúró tì í pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, á bi í pé ṣé kò lè bá ìyá rẹ̀ gbé ẹrù ni. Ọmọ náà gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó na ọwọ́ gba báàgì, ó ní, "Sorry, Aunty."